Ohun Tí Mo Sọ fún Baba Ọkọ Ìyàwó

Teódulo, wọlé. Jókòó síbi tí fáànù ti lè rí ọ.
Ṣí fìlà apẹja yẹn kúrò lórí.
Wọ́n ní ọmọ rẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè
pé kí gbogbo ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, kí wọ́n so táì,
létí òkun, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, nínú oṣù kẹrin!
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo rẹ́rìn-ín títí awò ojú mi fi jábọ́ sórí ẹ̀rọ.

Jerwin ti pẹ́ jù nínú ọkọ̀ òkun àwọn ará Nọ́wè,
ó ti gbàgbé bí oòrùn wa ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.
Ààrò ni kóòtù dúdú níhìn-ín,
ẹni tó bá kó sí i di ẹja yíyan.
Ṣé o rántí ìgbéyàwó ọmọ Dalisay?
Alága ìlú wọ irú rẹ̀ wá.
Kí àlùfáà tó dé ibi tí ikú ti máa yà wọ́n,
bàbá ti rọra jókòó sórí iyanrìn bí àpò ìrẹsì,
bàtà dídán rẹ̀ mu omi iyọ̀ yó,
ó wá ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ títí dé ìdí tábìlì oúnjẹ.

Má ra nǹkan kan. Gbọ́ mi.
Bárọ́ǹgì kan wà nínú àpótí yìí, ìyá mi ló hun aṣọ rẹ̀.
O rántí bó ṣe máa ń jókòó ti ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó,
tó ń fi àwo fífọ́ ha á,
tó ń fa òwú jáde ní fọ́nrán fọ́nrán,
tó ń mí jẹ́jẹ́ kí èémí má baà já a.
A kì í tan fáànù nílé wa nígbà náà.
Àwa ọmọ ń làágùn, a ò gbọdọ̀ sín.

Gbé e sójú fèrèsé. Ṣé o rí ọwọ́ mi lódìkejì?
Aṣọ tí kò mọ àṣírí bò nìyẹn,
nítorí náà, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun lábẹ́ rẹ̀, èyí tí kò lu:
a ò pe ìlú wá wo ìdodo rẹ.
Má kì í bọ ṣòkòtò. Jẹ́ kó wà níta, kí atẹ́gùn ráyè wọlé.
Ṣòkòtò tí o wọ̀ sin Amparo ṣì dára,
màá tú ìbàdí rẹ̀ díẹ̀.

Bàtà ńkọ́?

O dákẹ́.
Ìyàwó mi rí ọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Kalibo,
o ń wọ̀ ọ́, o ń bọ́ ọ,
ọmọdébìnrin tó ń tajà ń fi ọwọ́ bo ẹnu.
Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lórí yanrìn kan náà,
ìka ẹsẹ̀ rẹ ti là gbàgàdà bí imọ̀ àgbọn,
bàtà wo ló fẹ́ gbà á?
Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.
Bóyá nínú pálọ̀ ni. Òkun kò kí aṣọ rí.
Fọ ẹsẹ̀ rẹ, gé èékánná, kí o máa bọ̀.
Bí Jerwin bá bínú, ní kó wá bá mi,
èmi ni mo rán aṣọ ìsàmì rẹ̀.

Èló? O ń bèèrè èló?
Ìwọ̀n Rodel ni mo fi gé e, kí ìjì yẹn tó jà.
Apá yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o fi wá ọmọ mi lójú omi,
ta lo bèèrè owó epo lọ́wọ́ rẹ̀?

Dìde. Na apá.
Má mira.
Abẹ́rẹ́ ti wà lẹ́nu mi, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.